Ẹ Ya Ibùdókọ̀ Kí Ìkéde Tó Jáde

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí fọ́tò ọkọ̀ ojú irin máa ń burú jù lọ, ẹ lọ sí ibùdókọ̀ kan ní ọjọ́ tí wọ́n kéde pé ọkọ̀ ìkẹyìn yóò gba ibẹ̀ kọjá. Gbogbo ẹni tó ní kámẹ́rà á ti dé ṣáájú yín, wọn á ti gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn kalẹ̀ sétí pèpéle, ọwọ́ tó na fóònù sókè á sì pọ̀ débi pé ẹ ò ní rí ojú ẹnikẹ́ni. Fọ́tò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn yóò jọ gbé lọ sílé: imú ọkọ̀ tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, pẹ̀lú orí àwọn ayafọ́tò mìíràn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Japan, níbi tí ìfẹ́ ọkọ̀ ojú irin ti wọ ọ̀pọ̀ èèyàn lára, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná débi tí àwọn òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ fi ní láti máa dá èrò dúró. Èmi kì í lọ. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé fọ́tò tí ìlú yóò nílò lọ́la ni èyí tí a yà ní ọjọ́ lásán, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé nǹkan kan fẹ́ yí padà, àti pé nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ló yẹ kó gba ààyè tó pọ̀ jù.

Kò rọrùn láti rántí èyí nígbà tí a bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Ojú kì í rí arẹwà kó má kì í, ọkọ̀ ojú irin sì mọ bí a ṣe ń gba ìkíni: ó ń pariwo bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, iná iwájú rẹ̀ ń tàn, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wa ń mì. Kí a tó mọ ohun tí a ń ṣe, ìka ti tẹ kámẹ́rà, imú ọkọ̀ ti kún inú fọ́tò láti ọ̀tún dé òsì, ẹni tó bá sì wò ó lẹ́yìn ogún ọdún kò ní lè sọ ìlú tí wọ́n ti yà á. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ kan kì í sábà dá wà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é máa ń ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Wọ́n á ta àwọn kan fún ìlú mìíràn, wọ́n á gbé ọ̀kan tàbí méjì lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ á sì mọ nọ́ńbà ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí. Ibùdókọ̀ kò ní ìbejì. Bí wọ́n bá wó o, kì í ṣe ògiri nìkan ló lọ. Bí àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣe kọjú sí òpópónà, bí aago rẹ̀ ṣe ń hàn láti ìkángun àdúgbò, igun tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń sá sí bí òjò bá dé, gbogbo rẹ̀ ló bá a lọ.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ ni Penn Station ti New York. Ọdún 1910 ni wọ́n ṣí i; ilé-iṣẹ́ McKim, Mead & White ló ya àwòrán ilé náà, wọ́n wo ilé ìwẹ̀ àwọn ará Róòmù àtijọ́ kọ́ gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀, wọ́n sì fi irin àti dígí bo èyí tí àwọn èrò ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sí pèpéle. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1963 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó o láti kọ́ gbàgede Madison Square Garden sí orí ilẹ̀ rẹ̀, ojú irin àti pèpéle abẹ́ ilẹ̀ sì ni wọ́n fi sílẹ̀. Ìbínú tí èyí dá sílẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìlú náà gbé ìgbìmọ̀ tí ń dáàbò bo àwọn ilé pàtàkì kalẹ̀ ní 1965. Àwọn fọ́tò ibùdókọ̀ yìí tó wọ̀ mí lára jù kì í ṣe èyí tí wọ́n yà nígbà tí òòlù ti ń kọlu òkúta. Berenice Abbott ti gbé kámẹ́rà rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn irin náà ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí àwọn èèyàn ń gba ibẹ̀ kọjá láìgbójú sókè. Ó ń ya ìlú tí ń yí padà, lábẹ́ ètò Federal Art Project tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń san owó iṣẹ́ fún àwọn oníṣẹ́ ọnà, ibùdókọ̀ náà sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó kà sí ìlú. Irin àti dígí ló gba fọ́tò náà, kì í ṣe ọkọ̀.

Ti Grand Central, tó wà ní ìlú kan náà, ló máa ń ká mi lára jù, nítorí pé ní tirẹ̀, wọn kò wó o. Ẹ ti lè rí fọ́tò rẹ̀ àtijọ́, èyí tí ìtànṣán oòrùn ti ń gba ojú fèrèsé gíga wọlé ní ìlà gbọọrọgbọọrọ, tó sì ń balẹ̀ sáàárín àwọn èrò. Ibùdókọ̀ náà, tí wọ́n ṣí ní 1913, ṣì dúró digbí. Àwọn tó ni ín fẹ́ kọ́ ilé àwòṣífìlà lé e lórí ní ìparí àwọn ọdún 1960, ìlú kọ̀, ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ sì dá ìlú láre ní 1978. Fèrèsé wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn wà níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè ya fọ́tò yẹn mọ́, nítorí àwọn ilé gíga tí wọ́n kọ́ yí i ká ti dínà mọ́ oòrùn. Ìta ni ìyípadà ti wá bá a. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń kẹ̀yìn sí ibùdókọ̀, tí mo sì máa ń ya ohun tó kọjú sí i: ilẹ̀ òfìfo tó wà lódìkejì, òrùlé ilé kúkúrú tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba orí rẹ̀ kọjá kí ó tó kan pèpéle. Ilẹ̀ òfìfo ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí kò sí ilẹ̀ tó tètè ń di ilé alájà ogún bí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀.

Irú fọ́tò yìí tún máa ń wúlò fún àwọn tí ń kọ́lé. Ibùdókọ̀ Tokyo, tí Tatsuno Kingo ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì ṣí ní 1914, pàdánù òrùlé ribiti rẹ̀ àti àjà kẹta rẹ̀ nígbà tí bọ́ǹbù bà á ní 1945. Lẹ́yìn ogun, wọ́n tún un ṣe ní àjà méjì, bẹ́ẹ̀ ló sì wà fún ohun tó ju ọgọ́ta ọdún lọ. Nígbà tí wọ́n pinnu láti dá a padà sí bó ṣe rí látilẹ̀wá, iṣẹ́ tó parí ní 2012, fọ́tò àtijọ́ wà lára ohun tí wọ́n gbára lé. Ẹni tó gbé kámẹ́rà sókè sí òrùlé, tí kò fi ya ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀, kò mọ̀ pé kọ́lékọ́lé kan ń bọ̀ wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òun. Ní Hong Kong, wọ́n wó ibùdókọ̀ Kowloon ní 1978, wọ́n sì fi ilé gogoro aago rẹ̀ nìkan sílẹ̀ létí omi, mítà 44 ní gíga. Ó lẹ́wà, àwọn àlejò sì máa ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí fọ́tò àtijọ́ kò ní mọ àwọn tí aago náà ń pe àkókò fún.

Ẹ ó bi mí pé báwo la ṣe lè mọ̀ kí wọ́n tó kéde. Àmì máa ń wà. Gare d'Orsay ní Párísì, tí wọ́n ṣí fún ìpàtẹ ńlá ọdún 1900, kò tíì gbó nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ló gùn sí i. Nígbà tí yóò fi di 1939, pèpéle rẹ̀ ti kúrú jù fún ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n sì ti ń lò ó fún oríṣiríṣi nǹkan, ó di ilé ìkóhun-ọnà-sí ní 1986. Torí náà, bí mo bá rí ibùdókọ̀ tí ọkọ̀ ti ń gùn ju pèpéle lọ, tí wọ́n ń sọ fún èrò pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò ní ṣí, mo mọ̀ pé kò ní pẹ́. Bí mo bá rí ọ̀dà pupa tí àwọn awọnlẹ̀ fi sàmì sílẹ̀, tàbí tí àwọn ṣọ́ọ̀bù inú ibùdókọ̀ ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí ẹlòmíràn tó gbà wọ́n, ibẹ̀ ni mo máa ń lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ti fi páànù yí i ká, ó ti pẹ́ jù.

Nígbà mìíràn, fọ́tò lè dá sí ọ̀rọ̀ náà kó tó bọ́ sórí. Ojú irin tí wọ́n gbé sókè ní apá ìwọ̀-oòrùn Manhattan, èyí tí a mọ̀ sí High Line, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù ní 1934, ọkọ̀ ìkẹyìn sì gba orí rẹ̀ ní 1980. Lójú ẹni tó wà nísàlẹ̀, irin tó dípẹtà ni, tí òjìji rẹ̀ bo òpópónà, àwọn tó ní ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ sì fẹ́ kí wọ́n wó o. Díẹ̀ ni àwọn tó mọ ohun tó wà lókè, nítorí ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ará ìlú ń gùn. Joshua David àti Robert Hammond dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1999 láti gbà á là, Joel Sternfeld sì gba àṣẹ láti máa gun orí rẹ̀ ya fọ́tò láti 2000 sí 2001. Ó yà á nígbà tí yìnyín bò ó, ó yà á nígbà tí ewéko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀: koríko àti òdòdó ìgbẹ́ tó hù bo ojú irin, tó ń lọ láàárín ògiri ilé bí ẹni pé ìlú kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kò sí ọkọ̀ kankan nínú wọn. Àwọn fọ́tò yẹn ni ẹgbẹ́ náà ń fi hàn fún aráyé, nítorí àlàyé ẹnu lásán kò lè mú kí ẹni tó ń rin abẹ́ irin ìpẹtà fojú inú rí ọgbà lókè rẹ̀. Ní 2009 wọ́n ṣí apá àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́, ohun tó ti hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì wò nígbà tí wọ́n ń yan ohun ọ̀gbìn. Lẹ́yìn náà, owó ilé àdúgbò náà gòkè, ilé àwọn olówó sì yọ lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, débi pé ọ̀pọ̀ ohun tó wà lẹ́yìn koríko nínú fọ́tò Sternfeld ti pa rẹ́ báyìí. Fọ́tò tó gba ojú irin là bá wọn ṣí ilẹ̀kùn fún ohun tó yí àyíká rẹ̀ padà. Èmi ò rí bí ayafọ́tò ṣe lè yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìyẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ràn ẹ̀rọ ju ilé lọ yóò fi O. Winston Link bá mi jà. Láti 1955 títí di 1960 ló fi ya ọkọ̀ Norfolk and Western, ilé-iṣẹ́ rélùwéè ńlá tó jáwọ́ kẹ́yìn nínú ẹ̀rọ onísítíìmù ní Amẹ́ríkà. Òru ló ya èyí tó lókìkí jù nínú wọn, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ gílóòbù fíláàṣì tó so pọ̀ kí wọ́n lè tàn yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí kò sí ẹni tó lè sún oòrùn síbi tó wù ú, ṣùgbọ́n iná tí a fọwọ́ ara wa gbé kalẹ̀ ń gbọ́ràn. Ó dáa. Ẹ wá wo èyí tó yà ní Iaeger, ní ìpínlẹ̀ West Virginia, ní 1956. Lóòótọ́ ọkọ̀ ń tú èéfín kọjá lẹ́yìn, àmọ́ ohun tó kún iwájú ni àwọn mọ́tò tí wọ́n tò síwájú sinimá ìta gbangba, tọkùnrin tobìnrin tó jókòó sínú mọ́tò tí òrùlé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, àti ọkọ̀ òfuurufú tó wà lójú àgbéléwò. Fíláàṣì ti pa àwòrán ojú àgbéléwò náà rẹ́, torí náà ẹ̀yìn ìgbà náà ni Link fi ti ọkọ̀ òfuurufú lé e. Ẹni tí ẹ̀rọ onísítíìmù wù tó báyẹn, ìlú ló fi apá tó pọ̀ jù nínú fọ́tò rẹ̀ jíǹkí. Gbogbo èèyàn mọ̀ nígbà náà pé sítíìmù ń lọ. Sinimá inú mọ́tò ni kò sí ẹni tó ń dárò.

Ẹni tí a yà náà ṣe kókó. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 1869, Andrew J. Russell ya ìgbà tí ojú irin tó ti ìlà-oòrùn wá pàdé èyí tó ti ìwọ̀-oòrùn wá ní Promontory, ní Utah: ẹ̀rọ méjì dojú kọra, àwọn ọkùnrin gun orí wọn, wọ́n na ìgò ọtí síra wọn, àwọn méjì bọ ọwọ́ láàárín. Àwọn ará Ṣáínà ló pọ̀ jù nínú òṣìṣẹ́ tó la ọ̀nà apá ìwọ̀-oòrùn náà gba inú àpáta, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, ẹ ó wá wọn tì. Bákan náà ni ayẹyẹ ìṣíde ibùdókọ̀ tuntun sábà máa ń rí. Èmi a máa wá ẹni tó ń jó irin, ẹni tó ń gbá pèpéle láàárọ̀, ẹni tó wà nídìí fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ rọ́pò rẹ̀. Mo máa ń tọrọ àyè kí n tó yà wọ́n, nítorí ibi iṣẹ́ wọn ni.

Ní ti bí a ṣe ń yà á, ìṣirò díẹ̀ wúlò ju kámẹ́rà olówó ńlá lọ. Ọkọ̀ tó ń sá ní kìlómítà 120 láàárín wákàtí kan ń rin mítà 33 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí kámẹ́rà bá lajú fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ọkọ̀ náà á ti rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kí ó tó dijú. Bí ó bá lajú fún ìdá kan nínú ọgọ́ta, á ti rìn ju ìdajì mítà lọ. Àwọn tó fẹ́ ka nọ́ńbà ara ọkọ̀ á mú ti àkọ́kọ́. Èmi a mú èkejì, tàbí èyí tó tún lọ́ra jù ú lọ, kí kámẹ́rà sì wà lórí ohun tí kò mì: ibùdókọ̀ á mọ́ kedere, ọkọ̀ á di ìlà àwọ̀ kan tó ń kọjá, bó ṣe máa ń rí lójú àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Pátákó oníná tó wà níwájú ọkọ̀ òde-òní, tó ń kọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ, tún ní wàhálà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣẹ́jú kíákíá ju ohun tí ojú èèyàn lè rí lọ, kámẹ́rà tó bá sì yára jù á bá a níbi tí ìdajì lẹ́tà ti kú, orúkọ ìlú á gé sí méjì. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró tàbí tó ń rọra wọlé ni kí ẹ yà á, ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó lọ́ra jù bẹ́ẹ̀. Fóònù ní tirẹ̀, ó ń ka àwòrán ní ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì, nítorí náà ọkọ̀ tó bá sáré kọjá nítòsí á dà bí èyí tó fẹ́ dojú dé, gbogbo fèrèsé rẹ̀ á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ohun tó so gbogbo iṣẹ́ yìí ró kò ní ọgbọ́n ẹ̀rọ nínú: kí a padà sí ojúkò kan náà, ní gíga kan náà, pẹ̀lú lẹ́ǹsì kan náà. Orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ dára fún un, nítorí a ń rí pèpéle, òrùlé àti àdúgbò tó wà lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, igun odi rẹ̀ sì lè jẹ́ àmì tí a ó fi mọ ibi tí a dúró sí. N kì í lo lẹ́ǹsì gígùn fún èyí. Ó máa ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ ohun tó wà nítòsí, débi pé ilé àwòṣífìlà tó wà ní kìlómítà méjì á dà bí ẹni pé ó ń wó lu òrùlé ibùdókọ̀. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n irọ́ ló ń pa fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àyè ṣe tó láàárín wọn. Ọjọ́ tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run náà dára ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ, pàápàá níbi tí dígí bá pọ̀, nítorí òjìji kò ní bo ohun tó wà lábẹ́ òrùlé.

Òfin yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Àwọn kan kò rí ohun tó burú nínú kí ará ìlú ya ibùdókọ̀, àwọn mìíràn kà á sí ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè, ó sì sàn kí a béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ ju kí a máa ṣàlàyé fún ọlọ́pàá lọ. Níbi gbogbo, kí a má fi fíláàṣì yọ awakọ̀ lójú, kí ẹsẹ̀ má kọjá ìlà tí wọ́n fà sétí pèpéle. Ọ̀pọ̀ wáyà tó wà lókè ojú irin oníná ń gbé fóltì 25,000, kò sì dìgbà tí nǹkan bá fara kàn án kó tó pani. Iná náà lè fò mọ́ ọ̀pá tí a fi na fóònù sókè bó bá ti sún mọ́ ọn jù.

Lẹ́yìn tí a bá yà á tán ló kan àkọsílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ fọ́tò rere ti ń sọnù. Kámẹ́rà á kọ ọjọ́ àti wákàtí fúnra rẹ̀ bí aago rẹ̀ bá péye. Kò lè kọ orúkọ pèpéle, apá tí a kọjú sí, tàbí ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ. Mo máa ń kọ ìwọ̀nyí sínú fáìlì fọ́tò gan-an, n kì í fi wọ́n mọ sí orúkọ àpò tí mo kó o sí, torí fáìlì kì í pẹ́ kúrò nínú àpò rẹ̀. Orúkọ méjì ni mo ń kọ fún ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà lára pátákó àti èyí tí àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí àwọn aláṣẹ tuntun fẹ́ràn láti máa yí orúkọ padà. Bí ilé ìkàwé tàbí ibi ìkówèé-ìtàn-pamọ́ sí ti ìlú bá ń gba ẹ̀dà, mo máa ń fún wọn títí kan àwọn tí kò lẹ́wà, àwọn tí ojú ọ̀run wọn funfun báláú, ṣùgbọ́n tí pátákó ìpolówó àti ìwé àkókò ọkọ̀ ara ògiri ṣeé kà nínú wọn. Àwọn yẹn gan-an ni wọ́n máa ń tún padà wá béèrè.